Àdúgbò Wo Ni Kí A Kọ́lé Sí?

 

Ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa láti Ṣàǹgó Ọ̀tà títí dé Ìlaròó ni èyí: “Mo ti rí ilẹ̀ kan, owó rẹ̀ kò wọ́n.” Bí olùkọ́ ni ẹni náà, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ti ń dá láti ọdún gbọọrọ ni ó fẹ́ kó kalẹ̀. Bí ìyá ọlọ́jà ni, èésú àti èrè orí gààrí ni. Aṣọ tí a rà tí kò bá ara mu, a lè fi fún àbúrò. Ilé tí a kọ́ sí ibi tí kò bá ara mu ńkọ́, ta ni a óò fi fún?

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yewa kò farasin. Owó ilé ní Èkó ti kọjá agbára olówó oṣù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agége, ní Ìkẹjà tàbí ní iléeṣẹ́ kan ní Agbára, ó rò pé òun yóò máa sùn ní Owódé tàbí Ìlaròó, kí òun sì máa jí lọ síbi iṣẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀, ó yẹ kí ó béèrè iye tí ojú ọ̀nà yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti wákàtí tí yóò máa jẹ nínú ayé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé a máa lọ síbi iṣẹ́ ní bí ọjọ́ 22 nínú oṣù. Àlọ àti àbọ̀ di ìwọkọ̀ 44. Oníṣòwò tí kì í sinmi àfi ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 ni tirẹ̀, ìwọkọ̀ 52. Bí ó bá sì jẹ́ pé ènìyàn yóò kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ Márúwá dé gáréèjì kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì, owó méjèèjì ni kí ẹ pa pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, kí ẹ wá gbé e lé orí iye tí wọ́n pe ilẹ̀. Nígbà mìíràn ilẹ̀ tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú a di èyí tí ó wọ́n jùlọ. Owó ọkọ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 lítà kan lé ní náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù ni ó kọ́kọ́ ké.

Láti Ìlaròó, ọ̀nà méjì ni àwọn èrò Èkó sábà máa ń tọ̀: èyí tí ó gba Pápálántò bọ́ sí títì Abẹ́òkúta sí Èkó, àti èyí tí ó gba Owódé bọ́ sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tí ó já sí Ṣàǹgó. Bí òjò bá ba ọ̀kan jẹ́, ènìyàn lè tọ èkejì. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ sí ibi tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí tírélà bá dúbúú sójú ọ̀nà, ilé ni yóò wà. Alágbàtà ilẹ̀ yóò sọ fún yín pé kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ dé Ṣàǹgó. Bóyá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó fi wọn ọ̀nà tirẹ̀! Ẹ lọ sùn sí ilé ojúlùmọ̀ kan ní àdúgbò náà, kí ẹ jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn mìíràn kò tó èyí.

Àwọn kan a máa ra ilẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ pé ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ń bọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Ní 1983, ní ayé ìjọba Lateef Jákàńdè ní Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa kó èrò káàkiri ìlú. Ìjọba ológun da ètò náà nù ní 1985. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbádò lọ sí Oyíngbò. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹni 40 ọdún nígbà ìlérí àkọ́kọ́, ẹni 81 ọdún ni ó jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dé. Àwa náà ní ojú irin tiwa rí, èyí tí ó ya láti Ìfọ̀, tí ó gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Ó ti pẹ́ tí fèrè ọkọ̀ ti dákẹ́ níbẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní 2021 ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálántò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ó lọ wò ó fúnra rẹ̀ iye ìgbà tí ọkọ̀ náà ń dúró níbẹ̀ lóòjọ́, àti wákàtí tí ó ń kọjá, bóyá ó bá ti iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ọ̀nà tí ó wà lónìí ni kí a fi ra ilẹ̀. Èyí tí ń bọ̀, bí ó bá dé, èrè ni.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìhà ibodè. Ilẹ̀ dára ní apá Ìdí-Ìrókò, ní Ìlàṣẹ àti Ọjà-Ọ̀dàn, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń kó èrò mọ́ra. Fún ẹni tí ìṣòwò rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú àwọn ará Kútọnu àti Pọ̀tọ̀novò, kò sí ibi tí ó dà bí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibodè ní ọ̀fun tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí ó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ẹ rò ó wò: olùkọ́ tí kò ta àpò ìrẹsì kan rí ni ó ń wá epo tí yóò fi gun alùpùpù lọ kọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí àwọn ibodè kan ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn. Ó di 2022 kí àṣẹ tó kàn án. Ní tèmi, oníṣòwò ibodè lè kọ́lé sí ẹnu ibodè. Ẹni tí ń gba owó oṣù, kí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ibi àyẹ̀wò àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá lójú ọ̀nà náà nìkan tó láti jẹ òwúrọ̀ ènìyàn tán.

Nínú Ìlaròó pàápàá, àdúgbò kì í ṣe ọ̀kan náà. Àárín ìlú, níbi tí agboolé ti pọ̀, ọjà àti ilé ìwòsàn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ há, ó sì ṣòro kí a rí èyí tí ẹ̀ka ìdílé mẹ́ta kì í jọ dù. Apá ibi tí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1979, ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí onítọ̀hún rántí pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti pa, ọjà pa nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa, onílé tí kò ní ayálégbé mìíràn yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ rí i gbọnmọgbọnmọ. Ẹni tí ó sì ní ọmọ kékeré, kí ó lọ sí àdúgbò náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí ó gbọ́ bí ìlù ṣe ń dún.

Apá Ìbéṣè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jùlọ. Láti 2012 tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ti dé, owó ilẹ̀ ti gòkè, tírélà náà sì ti pọ̀. Ohun tí àwọn ará Ewékorò ti mọ̀ láti 1960 tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wọn ti bẹ̀rẹ̀ ni àwa náà ń kọ́ yìí. Ẹ má ṣe kọ́lé sí etí ọ̀nà tírélà nítorí pé ẹ fẹ́ kí ayé rí ilé yín. Ẹ wọlé díẹ̀. Ẹ fi ìka nu ojú fèrèsé ilé tí ó ti wà níbẹ̀, eruku yóò sọ ìyókù. Bí ẹ bá ní ọmọ ilé-ìwé, ẹ dúró lọ́sàn-án kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbà sọdá.

Alágbàtà kì í sábà mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀ nínú òjò. Ẹ̀yin, inú òjò gan-an ni kí ẹ lọ, ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ rí ibi tí omi ń dúró sí. Kí ẹ tún padà lọ ní oṣù kejì tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò iye òṣùwọ̀n tí kànga wọn jìn, àti bóyá ó ń gbẹ. Ẹ béèrè wákàtí tí iná ń wà, àti ta ni ó ra tiransifọ́má: láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fi owó kún iná báńdì A, owó iná àdúgbò méjì tí wọ́n fara kan ara wọn lè yàtọ̀ gidigidi. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń ṣe ìpàdé, kí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn. Níbi ìpàdé kan péré, ẹ óò ti mọ̀ bóyá ọdẹ ń ṣọ́ wọn, bóyá wọ́n sì ń bá ara wọn jà.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ilẹ̀ tán. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìpìlẹ̀, owó déékì àti owó òrùlé, ẹ kọjá ibẹ̀. Lóòótọ́ òfin wà: láti 2016 ni Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbọọrọ de àwọn ajagungbalẹ̀. Òfin náà wúlò, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ fi owó òrùlé ṣe ẹjọ́?

Ní ti ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ẹbí. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìgbà náà ti là á yé wa ní 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí bá tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn wọ̀nyí lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e, bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí olórí ẹbí àti àwọn olórí ẹ̀ka jọ fọwọ́ sí i, lójú lọ́yà yín, kì í ṣe lọ́yà tiwọn. Láti òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ Gómìnà, nítorí náà kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí gbé ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí Abẹ́òkúta kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, àti èyí tí ó wà lórí ọ̀nà páìpù gáàsì. Ní Ìtòkí, ní ìhà tiwa níbí, ni páìpù tí ń gbé gáàsì lọ sí Benin, Tógò àti Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì mú téèpù dání. Púlọ́ọ̀tì tí a mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta 50 sí 100, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é.

Ayétòrò ńkọ́? Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ní Èkó ni mo lè júwe ibẹ̀ fún. Abẹ́òkúta ni ojú wọn ń wò. Fún olùkọ́, ìlú ẹ̀kọ́ ni: ibẹ̀ ni Comprehensive High School wà láti 1963, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà. Ẹni tí ó fẹ́ àyè tí yóò fi gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn ilé yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń ronú àtimáa lọ sí Ìkẹjà láti ibẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó jọ̀wọ́ padà lọ ka ìṣirò òkè yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ nípa ilé àlòkù: ohun tí ó yẹ kí a wò lára ògiri àti òrùlé, àti bí a ṣe ń bá ayálégbé tí ó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀.