Ẹ má jẹ́ kí Emacs bá yín yan ibi tí àkọsílẹ̀ yín máa gbé

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Org mode kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ gbọ́ ná. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bí a ṣe ń tètè kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ ibi tó yẹ ká kó o sí lẹ́yìn náà ò pọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

2/ Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: inú Emacs ni Org mode ti ń ṣiṣẹ́. Carsten Dominik ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003. Fáìlì lásán ni. Ìràwọ̀ kan (*) ni àkòrí ńlá, ìràwọ̀ méjì (**) ni èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ kan lọ sábẹ́ àkòrí mìíràn, ẹ tẹ C-c C-w. Ohun tí wọ́n ń pè ní refile nìyẹn. Á wá bi yín pé: níbo?

3/ org-refile-targets ló ń pinnu àwọn ibi tó máa kà sílẹ̀ fún yín. Tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, kìkì àkòrí oníràwọ̀ kan inú fáìlì tí ẹ wà ló máa fi hàn. Ẹ wà nínú inbox.org, ẹ fẹ́ gbé òwe kan lọ sí owe.org, àmọ́ kò tiẹ̀ dárúkọ owe.org fún yín. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń sọ pé refile ò wúlò, wọ́n á pa á tì.

4/ Àwọn mìíràn á wá ṣe òdìkejì: gbogbo fáìlì, :maxlevel . 9. Gbogbo àkòrí á tú dà síta. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ẹni tí ẹ bá kó ọ̀ọ́dúnrún àkòrí síwájú rẹ̀ ò ní yan ìkankan. Á ní "màá ṣe é lọ́la." Bí inbox ṣe ń di ààtàn nìyẹn.

5/ Tèmi rèé:

(setq org-refile-targets
  '((nil :maxlevel . 2)
    (("~/org/owe.org" "~/org/ewe.org" "~/org/ise.org") :maxlevel . 1)))

nil ni fáìlì tí mo wà nínú rẹ̀, títí dé ìràwọ̀ méjì. Fáìlì mẹ́ta yòókù, àkòrí ńlá nìkan. Àwọn fáìlì mi tó kù ṣì wà o, mi ò pa wọ́n rẹ́. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n máa dí mi lójú nígbà tí mo bá ń pín ẹrù.

6/ Ẹ tún lè fi :tag yan àwọn àkòrí tí ẹ ti sàmì sí, tàbí kí ẹ fi org-refile-target-verify-function yọ gbogbo èyí tó ti di DONE kúrò. Iṣẹ́ tó ti parí, kí ló tún ń gba àlejò fún?

7/ Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Search wà, kí la tún ń pín nǹkan sí?" Ó lè tó fún elédè Gẹ̀ẹ́sì. Fún àwa, kò tó.

8/ Ẹ wo bí a ṣe ń tẹ Yorùbá nígbà tí a bá ń kánjú, láìsí àmì kankan: "oko baba ti baje." Ṣé oko ni? Ṣé ọkọ́ ni? Àbí ọkọ̀? Ẹ search "oko", gbogbo wọn ló máa jáde pọ̀, ọkọ ìyàwó náà á wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá wà lábẹ́ "Irinṣẹ́", ọkọ́ ni. Tó bá wà lábẹ́ "Mọ́tò", ọkọ̀ ni. Ibi tí a gbé e sí ń ṣe iṣẹ́ àmì ohùn tí a ò fi sí i.

9/ Kì í ṣe eré lásán fún mi. Òwe, orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń gbà lẹ́nu ìyá àgbà mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lónìí, mo ṣì lè pè wọ́n pé "Màmá, èwo lẹ wí?" Kò ní rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kó ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nígbà tí mo ṣì rántí ohun tí wọ́n sọ.

10/ Ẹ fi èyí náà kún un: (setq org-refile-use-outline-path 'file). Orúkọ fáìlì á máa ṣáájú àkòrí. Ẹ má fi àmì sí orúkọ fáìlì, torí tí ẹ bá tẹ "owe", Emacs lásán ò ní kà á sí "Òwe". Àkòrí inú fáìlì ni kí ẹ fi àmì sí dáadáa.

11/ C-u C-c C-w máa gbé yín lọ síbẹ̀ láì gbé nǹkan kan. Àwọn ibi kan náà ló máa kà fún yín. Torí náà, ibi tí ẹ bá yàn fún ẹrù ni ẹ̀yin náà á máa tètè dé.

12/ Kí ẹ tó da config ẹlòmíì kọ, ẹ kọ orúkọ ibi márùn-ún tí iṣẹ́ yín ń lọ lọ́dún yìí sórí bébà. Àwọn yẹn ni kí ẹ fi síbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá yí padà, ẹ yí i padà. Kí lẹ fi sínú tiyín?