Etí La Fi Ń Ra Sípíkà Ògbólógbòó

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nínú iṣẹ́ wa ni pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ lítíréṣọ̀ alohùn di lítíréṣọ̀ alojú. Orúkọ rẹ̀ ń pe ohùn, ṣùgbọ́n inú ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá a pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka àbùdá ìjálá márùn-ún láìdánudúró, kí ó sọ pé ọdẹ ló ni ín, pé Ògún ni a fi ń júbà, kí ó sì gba máàkì tó pé, síbẹ̀ kí ó má tíì gbọ́ ìjálá rí. Ó dà bí ẹni tí ó mọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ náà kò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Kí ó má ṣe ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu, nígbà náà, pé lójú ewé tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìwé àti ewì, ọ̀rọ̀ sípíkà ni mo gbé wá lónìí.

Èrò mi kò lọ́jú pọ̀. Ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn bí ó ti yẹ nílò sípíkà gidi, ó kéré tán ẹyọ kan. Èyí tí apá olùkọ́ lè ká ni ògbólógbòó, irú èyí tí ó ti wà nínú yàrá àlejò àwọn àgbà láti nǹkan bí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Rírí i ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìṣòro. Mímọ èyí tí ó dára ni ìṣòro. Lérò tèmi, àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n rà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé etí tí a fi ń mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, òun náà ni a fi ń mọ sípíkà tó yè yàtọ̀ sí èyí tó ti kú.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni fóònù wá wà fún, àti pé kí ni ó ṣe àwọn àpótí kékeré ayé òde òní tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn lára wọn. N kò bá fóònù jà. Ó dára láti tọ́jú ohùn pa mọ́. Ṣùgbọ́n sípíkà inú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ, kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbé ohùn ìyá ìlù dé ẹ̀yìn kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú náà, ariwo ìsàlẹ̀ tí ń mi àyà ni a ṣe wọ́n fún. Iye wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára páálí wọn sì sábà máa ń ju agbára wọn lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èdè wa ń béèrè. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 85 sí 180 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti obìnrin máa ń wà láàárín 165 sí 255. Ibẹ̀ ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìró bíi s àti f wà lókè réré, wọ́n ń kọjá ìgbà 3,000 dáadáa. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kò gbé ju 300 sí 3,400 lọ, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń béèrè létí tẹlifóònù pé ṣé s ni ẹ wí ni tàbí f. Sípíkà tí yóò sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mú apá méjèèjì. Bí kò bá mú tòkè, a kò ní mọ ẹni tí ó *sá* ẹran sóòrùn yàtọ̀ sí ẹni tí ó *ṣá* ẹran ládàá. Bí kò bá mú tìsàlẹ̀, ìyá ìlù yóò máa dún bí agolo.

Iṣẹ́ sípíkà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí ìlù rí. Awọ ló wà níwájú, bébà líle tí a ṣe bí àrọ. Wáyà wíwé wà ní ìdí awọ náà, òòfà sì yí wáyà ká. Bí iná tí ó ru ohùn ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Awọ ń lu afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń lu etí wa. Oliver Lodge gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ìlànà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1898. Chester Rice àti Edward Kellogg ní Amẹ́ríkà sì gbé èyí tí ó di àwòkọ́ṣe jáde ní 1925. Títí di òní, ìlànà náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ sípíkà ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, sípíkà 1975 tí ara rẹ̀ bá pé kò ní ohun tí yóò fi tijú fún èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Ibo ni àwọn ògbólógbòó yìí ti wá? Sípíkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa kọ́kọ́ fi gbọ́ rédíò. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí ara ògiri yẹn, tí kò jẹ́ kí á yan ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ gbọ́, ni wọ́n sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lẹ́yìn náà ni owó Údójì dé. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1974, àfikún owó oṣù àti àjẹsílẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní 1975. Alùpùpù ni àwọn kan rà, ẹ̀rọ orin onísípíkà méjì ni àwọn mìíràn rà. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ọjà tòkunbọ̀ sì gbilẹ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí ó padà wálé ni a fi sọ ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn ti lò.

Oríṣi méjì ni a óò bá pàdé, nígbà náà. Èkíní ni ti owó Údójì, tí kò kúrò nínú ilé kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Èkejì ni tòkunbọ̀ tí ó gba Alábà ní Èkó kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èkíní ni mo fara mọ́, nítorí pé ó ní ìtàn. A lè béèrè ẹni tí ó rà á, ibi tí ó dúró sí, bóyá òjò ti wọ̀ ọ́ rí, bóyá wọ́n ti gbé e lọ òde àríyá. Tòkunbọ̀ kò ní ẹni tí yóò jẹ́rìí fún un. Nígbà mìíràn, orúkọ Sansui tàbí Philips yóò wà lójú àpótí, ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbani nímọ̀ràn pé ọ̀dọ̀ ẹni tí a lè tún rí lọ́la ni kí á ti rà á. Ará Ọ̀yọ́ tí ó rà á lágbègbè Àkẹ̀sán tàbí Owódé lè fi ẹsẹ̀ rìn padà lọ bá ẹni tí ó tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó rà á nítòsí Tákìé. Ẹni tí ó bá sanwó fún àwòrán lórí fóònù kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

A ó gbọ́ ìpolówó, kò sì yẹ kí inú bí wa sí i. Ẹ̀yà kan nínú lítíréṣọ̀ alohùn ni ìpolówó ọjà. Bí ọlọ́jà bá ní sípíkà òun lè jí òkú ní sàréè, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àsọdùn. Àmọ́ a kì í sanwó fún àsọdùn. Ohun tí a bá dán wò ni a ń sanwó fún.

Etí awọ sípíkà ni kí á kọ́kọ́ wò, níbi tí ó ti lẹ̀ mọ́ irin. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, bí irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó máa ń rà láàárín nǹkan bí ọdún 15 sí 25. Ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń mú un yá. Bí ìka bá kàn án tí ó bá rún bí àkàrà àná, ó ti tán. Aṣọ àti rọ́bà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòmù tó rà kò ní kí á má rà á, nítorí pé a lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí á fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti awọ náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń ha bí ẹni ń họ ìkòkò, wáyà inú ti jóná tàbí ó ti yẹ̀. Kí á fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, 1.5 fóòtì, kan ẹnu wáyà méjèèjì fírí: awọ yóò ta, yóò sì dún pọ́. Bí atúnrédíòṣe bá wà nítòsí, kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n. Sípíkà tí wọ́n kọ 8 óòmù sí sábà máa ń fi nǹkan bí 6 hàn. Bí mítà kò bá mira rárá, wáyà ti já. Kí á wo ẹ̀yìn àpótí bóyá omi ti mú pákó wú tàbí ikán ti jẹ ẹ́.

Ìdánwò tó kù jẹ́ tiwa gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín, nítorí pé yóò yan èyí tí ń lu gbì-gbì, tí kò ní í fi àléébù hàn. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ láti ilé: igbá, igba, ìgbà, ìgbá; sá, ṣá. Ẹ tún mú ìlù dùndún dání, ohun tí kò wọ́n ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn Àyàn. Bí ṣaworo ara ìyá ìlù bá ń dún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sípíkà kékeré òkè yè. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí ìyá ìlù *ń sọ*, tí kì í ṣe pé ó kàn ń dún, ti ìsàlẹ̀ náà yè. Ẹ gbọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbọ́ òsì lọ́tọ̀. Ìbejì ni wọ́n, ohùn wọn gbọ́dọ̀ jọra.

Iná ńkọ́? Sípíkà àtijọ́ kò jẹ iná púpọ̀. Wọ́ọ̀tì mẹ́wàá tó fún kíláàsì, ẹ̀rọ kékeré tí ń fún ohùn lágbára sì wà tí ó lè lo bátìrì ọkọ̀. Wáyà kan láti ara fóònù wọ inú rẹ̀ ti parí iṣẹ́.

Ọ̀ràn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Wọ́n ń jí sípíkà kó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ilé-ìwé. Bí iye tí a pè bá kéré jù, tí ẹni tí ń tà á kò sì fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí á rántí pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ opó olùkọ́ kan ni ó ń ta ẹrù ọkọ rẹ̀, kí á má ṣe tìtorí pé kò mọ iye rẹ̀ kí á rẹ́ ẹ jẹ.

Kí á tó gbé sípíkà kúrò nílé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè àwo. Ìgbà tí àwọn sípíkà yìí wọlé ni àwo ewì gbòde: ti Lánrewájú Adépọ̀jù, tí ó kú ní 2023, ti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí ó dá ilé-iṣẹ́ àwo Ọlátúbọ̀sún sílẹ̀, ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́. Nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdí sípíkà ni àwo náà ṣì wà, nínú páálí kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Àwọn òyìnbó tí ń ra àwo wa ti mọ iye orin ijó: ní 2001, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó irú rẹ̀ jọ, wọ́n sì pè é ní Nigeria 70. Ìjálá àti ewì kò sí lára ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Ta ni yóò wá wọn, bí kò ṣe àwa? Ẹ gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ kí ẹ tó ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi àmì ohùn sí ìlà mẹ́rin tí wọ́n gbọ́, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ka àbùdá rẹ̀. Bí àwa tí a fi í ṣiṣẹ́ ṣe kò bá béèrè rẹ̀, àkìtàn ni yóò gbà á.