Àlejò Tí Kò Fi Ojú Rẹ̀ Ríran

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ìlú kan bá wà láyé tí òwe yìí bá mu lójoojúmọ́, ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì ni. Láti ìdájí ni ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ọ̀sì ti ń já àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè rẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀ láti inú àpò. Ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà, afárá kan náà ni wọn yóò gùn, fọ́tò kan náà ni wọn yóò sì yà. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, púpọ̀ nínú wọn yóò ti padà síbi tí wọ́n ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, ìdáhùn wọn kì í ju pé ìlú náà lẹ́wà, omi ló yí i ká, oúnjẹ ibẹ̀ sì gbówó lórí.

Kò sí ẹni tí ó lè bá ènìyàn wí nítorí pé ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, tí ó sì ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti najú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà najú náà ni ó ní àléébù. Lọ́ńdọ̀nù lónìí, Paris lọ́la, Venice lọ́tùúnla, Róòmù ní ọjọ́ kẹrin: irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dàbí ìgbà tí ènìyàn bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ìkòkò mẹ́rin, tí kò sì jókòó jẹun nídìí ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Louvre, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá tí ó wà ní Paris. Ní ọdún 2024 nìkan, àwọn tí ó wọ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Nítorí àwòrán obìnrin kan tí Leonardo da Vinci yà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mona Lisa, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe wá. Àwòrán náà kò tóbi rárá. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 77, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 53. Ẹ̀yìn gíláàsì ni ó wà. Ẹni tí èrò bá tì dé iwájú rẹ̀ yóò na fóònù rẹ̀ sókè, yóò ya fọ́tò, yóò sì tún kẹ̀yìn sí àwòrán náà kí ó lè ya ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó parí. Nígbà tí olè gbé àwòrán yìí lọ ní ọdún 1911, èrò rọ́ wá láti wo àyè òfìfo tí ó fi sílẹ̀ lára ògiri. Ó ṣeé ṣe kí àwọn wọ̀nyẹn tilẹ̀ ti fara balẹ̀ wo ògiri náà ju bí àwọn ti òde òní ṣe ń wo àwòrán lọ.

Ní ògiri tí ó dojú kọ Mona Lisa nínú yàrá kan náà, àwòrán mìíràn wà tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá, tí gíga rẹ̀ sì lé ní mítà mẹ́fà. Paolo Veronese ni ó yà á láàárín ọdún 1562 sí 1563. Ìgbéyàwó Kánà ti Gálílì ni ó fi hàn, níbi tí Jésù ti sọ omi di wáìnì, ṣùgbọ́n Veronese fi àwọn olórin, agbáwo, ọlọ́lá àti ajá kún un, tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ fi lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ni èrò Mona Lisa ń kọ sí i. Wọn kò sì mọ̀ pé Venice tí wọn yóò dé ní ọ̀túnla ni wọ́n ti kó o wá. Nítorí ilé oúnjẹ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ní erékùṣù San Giorgio Maggiore ni wọ́n ṣe yà á. Àwọn ọmọ ogun Napoleon ni ó gbé e lọ ní ọdún 1797, nígbà tí Napoleon sì ṣubú tí wọ́n ń dá ọ̀pọ̀ ẹrù padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, èyí kò padà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sí ilé oúnjẹ náà láti ọdún 2007.

Bí arìnrìn-àjò yìí bá dé Venice gan-an, irú rẹ̀ náà ni yóò tún ṣe. Yóò dúró ní gbàgede San Marco, yóò ya fọ́tò ẹṣin mẹ́rin tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀. Ẹ̀dà ni àwọn ẹṣin ìta wọ̀nyẹn. Inú ilé ni wọ́n tọ́jú àwọn ojúlówó sí kí afẹ́fẹ́ má baà bà wọ́n jẹ́. Àwọn ará Venice pàápàá kọ́ ni ó rọ wọ́n. Ìkógun ni wọ́n jẹ́ láti Constantinople, tí ń jẹ́ Istanbul lónìí, nígbà tí àwọn ajagun ẹ̀sìn láti Yúróòpù fọ́ ìlú náà ní ọdún 1204. Napoleon tún kó wọn lọ sí Paris ní ọdún 1797 bákan náà, wọ́n sì padà sí Venice ní ọdún 1815. Wọn kò padà sí Constantinople.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni afárá òkúta funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní Afárá Ìmí-ẹ̀dùn. Àwọn olólùfẹ́ a máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Afárá náà ni ó so ààfin àwọn olórí ìlú nígbà náà pọ̀ mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń gbà á kọjá. Bí àlejò náà bá sì ń lọ, yóò sọ pé “Ciao” fún olówò àti fún atukọ̀, láìmọ̀ pé ní èdè Venice ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni “Ẹrú yín ni mí”. Yorùbá tí ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà kò ní rí èyí bí ohun àjèjì, bí ẹnìkan bá lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n àìmọ̀ ìtàn kì í pa ìlú. Ohun tí ó wà nílẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé yóò pa Venice, ẹ̀rù náà kò sì ṣàìnídìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1966, omi ọ̀sà kún dé sẹ̀ǹtímítà 194. Ní oṣù kan náà ní ọdún 2019, ó tún dé 187. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ìlẹ̀kùn irin ńláńlá dìde ní ẹnu ọ̀sà láti dá òkun dúró, iṣẹ́ náà sì ń so èso rere. Àwọn ènìyàn inú ìlú ni kò sí ìlẹ̀kùn tí ó lè dá dúró. Ní ọdún 1951, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án dín díẹ̀, èyíinì ni 175,000 ènìyàn, ni ó ń gbé inú Venice àtijọ́. Ní ọdún 2022, iye wọn ti dín sí 50,000. Ilé oògùn kan wà nítòsí afárá Rialto tí ó gbé àkọsílẹ̀ iye àwọn aráàlú sójú fèrèsé rẹ̀ láti ọdún 2008, kí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè máa rí bí ó ti ń dín kù. Ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tí ń ṣe ìṣirò náà kéde pé ibùsùn tí ó wà fún àlejò ti ju iye onílé lọ.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Onílé tí ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé lóṣooṣù rí i pé owó tí àlejò ń san fún alẹ́ mélòó kan tó owó oṣù kan. Nígbà tí ọdún bá yí po, ayálégbé yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Mestre, ní orí ilẹ̀ tí omi kò yí ká. Alápatà tí ń ta ẹran fún un kò ní oníbàárà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò di ibi tí wọ́n ti ń ta ìbojú aláràbarà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ará Venice. Bí ọmọdé bá dín kù, ilé-ẹ̀kọ́ yóò dín kù. Ẹni tí ó kù yóò máa rìn jìnnà láti ra ìṣó tàbí láti tún bàtà ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé láìsí àlejò, ebi ni yóò pa Venice. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìlú àlejò ni Venice láti ìgbà pípẹ́, ó sì mọ bí a ti ń ṣètò àlejò. Ilé ńlá kan wà lẹ́bàá Rialto tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1505 sí 1508 lẹ́yìn tí iná jó èyí àkọ́kọ́: ibẹ̀ ni ìjọba ìlú ní kí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Jámánì máa dé sí, ibẹ̀ ni ọjà wọn sì wà lábẹ́ ojú onílé. Àlejò ìgbà náà mú ọjà wá, ó sì ra ọjà lọ. Ilé yìí kan náà wá di ilé ìfìwéránṣẹ́ fún aráàlú; ní ọdún 2016, ó di ilé ìtajà olówó iyebíye fún àwọn arìnrìn-àjò; ní ọdún 2025, ilé ìtajà náà kógbá sílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Venice, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn aláṣẹ kò kúkú káwọ́ gbera. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni wọ́n ti fi òfin dè é pé kí àwọn ọkọ̀ ojú omi gàgàrà tí ń kó arìnrìn-àjò má gba iwájú San Marco kọjá mọ́, èyí sì tọ̀nà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá tí kò sùn, ní àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá fún ẹni tí kò bá tètè sanwó. Owó tí wọ́n rí ní ọdún àkọ́kọ́ lé ní mílíọ̀nù méjì yúrò. Owó ibodè ni èyí, kì í ṣe oògùn. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù, tí yóò sì padà sílé nítorí yúrò márùn-ún? Ibi tí ìṣòro wà ni ilé gbígbé, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí òfin kọ́kọ́ dé. Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì ti mọ èyí. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn olùfẹ̀hónúhàn níbẹ̀ fi ìbọn olómi ọmọdé fín omi sí àwọn àlejò lára níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ìwà tí kò bójú mu ni, nítorí àlejò kọ́ ni ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí ó sọ ilé ayálégbé di ilé ìtura. Ṣùgbọ́n olórí ìlú náà ti kéde kí oṣù náà tó dé pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2028, kò ní sí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, èyí tí iye rẹ̀ tó ẹgbàárùn-ún. Ìgbésẹ̀ onígboyà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá náà. Àwọn tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì ń padà ní ọjọ́ Àìkú, kò kéré níye. Ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ ní àwíjàre díẹ̀: ó ti san yúrò 90 fún ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, owó tí wọn kì í dá padà bí wọ́n bá kọ̀ fún un, ó sì rò pé kí òun yáa rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan kò mọ ìgbà mìíràn. Síbẹ̀, ó ní ojú tí ẹlòmíràn kò ní. Orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1939. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú orí yìí, tí ó sì wá dé iwájú àwọn ẹṣin San Marco, yóò béèrè ta ló rọ wọ́n, ta ló kó wọn, àti ìdí tí wọ́n fi dá ti ẹnìkan padà tí wọn kò dá ti ẹlòmíràn padà. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan.

Ẹni tí ó bá sùn ní Venice fún alẹ́ mẹ́ta ni ó máa ń rí i pé ìlú ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò rí ọkọ̀ ojú omi tí ń kó pàǹtírí, òmíràn tí ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, òmíràn tí ó gbé pósí tí ó ń lọ sí San Michele, erékùṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìsìnkú. Yóò rí ìyá arúgbó tí ń fa àpò ọjà rẹ̀ gun àtẹ̀gùn afárá ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ó ń dúró mí. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti kó àwọn èrò ọjọ́ kan lọ, àwọn ọmọ yóò jáde sí gbàgede Santa Margherita pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, wọn yóò máa gbá a mọ́ ògiri, àwọn òbí wọn yóò sì máa pè wọ́n pé oúnjẹ ti délẹ̀.