Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Yín?

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì ṣe wí pé kí ló kan ládàánì nínú rẹ̀. Ní Òkè-Ògùn wa níbí, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, ilé wo ló kù tí kò ní fóònù? Ahunṣọ a gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ìyá eléèlùbọ́ a ki tirẹ̀ bọ inú tòbí. Èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀rọ wọ̀nyí ju bí ó ti yẹ lọ, ìyàwó mi ni kí ẹ bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní áàpù tí ń sọ àkókò ìrun. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé ni Muslim Pro, tí ilé iṣẹ́ kan ní Singapore ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn oníròyìn Motherboard tú u síta pé áàpù yìí ń fi ibi tí ẹni tó ń lò ó wà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ X-Mode ní Amẹ́ríkà, àti pé X-Mode ń ta irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Àwọn tó ni Muslim Pro sọ pé àwọn kò ta nǹkan kan fún ológun, wọ́n sì já okùn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ X-Mode. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ tí ń bójú tó ọ̀ràn òwò ní Amẹ́ríkà kéde pé X-Mode, tó ti ń jẹ́ Outlogic nígbà náà, kò gbọdọ̀ ta ìròyìn ẹni tó lọ sí ilé ìjọsìn tàbí ilé ìwòsàn mọ́.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé iṣẹ́ ọ̀hún kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí a wà. Oòrùn ni ìrun ń tẹ̀ lé. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí, Ayìlá wọlé. Bí òjìji igi bá gùn tó igi náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ òjìji kékeré tó ní lọ́sàn-án gangan kúrò, Aláàsárì dé. Ìṣirò ni. Ẹ sọ fún fóònù pé Ṣakí ni ẹ wà, yóò ṣe ìṣirò náà nínú ikùn ara rẹ̀ láìsí dátà rárá. Nítorí náà, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Location sí nínú fóònù yín, kí ẹ wo áàpù tó ń gba ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Áàpù tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù, òmíràn wà.

Àwòrán àti ohùn ńkọ́? Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀, àáfà, ti kú. Gbogbo wáàsí tí ó ṣe nínú ààwẹ̀ wà nínú fóònù obìnrin náà. Fóònù bọ́ sí kànga. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ó má sunkún, ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ti bá a tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò rántí ọ̀rọ̀ ìṣínà tó fi ṣí i, nọ́ńbà tó fi ṣí i náà sì ti kú. Ohùn ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, kò sì lè gbọ́ ọ. Wọ́n ń pe irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní àwọsánmọ̀, bí ẹni pé òjò ni yóò rọ̀ ọ́ padà fún wa! Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò onítọ̀hún. Ọ̀nà ibẹ̀ pàápàá, abẹ́ òkun ló gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ báńkì sì dojú rú ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọmọ, tiyín náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré ìdíje ọkọ̀ kan jáde ní ọdún 2014, The Crew ni wọ́n pè é. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tí eré náà gbára lé. Ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á kò lè ṣe é mọ́, ìbáà jẹ́ òun nìkan nínú yàrá. Ọpọ́n ayò bàbá bàbá mi ṣì wà nílé wa, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sì wá gbà á. N kò ní kí ẹ má ṣeré lórí fóònù, bí ẹ bá ti parí kéwú àti iṣẹ́ ilé. Eré tí ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà ni kí ẹ fi owó rà.

Ẹni tó bá fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíláàṣì. Bí fóònù bá pé méjì nílé, áàpù ọ̀fẹ́ kan wà, Syncthing, tí ń da nǹkan kọ láti ọ̀kan sí èkejì láìfi pamọ́ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi Nextcloud, tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, sórí kọ̀ǹpútà àlòkù, tàbí sórí Raspberry Pi, ẹ̀rọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ̀ ju káàdì báńkì lọ. Ṣájà bíi ti fóònù ló ń gbé e, nítorí náà sólà kékeré tó o, oòrùn kò sì wọ́n wa. Wàhálà wà níbẹ̀, n kò ní tàn yín: ẹ̀yin ni yóò máa tún un ṣe, ẹ̀yin ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Àrá Òkè-Ògùn kò sì mọ ilé ládàánì yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni olè. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, kí èkejì má gbé inú ilé kan náà. Tiwa, ọ̀kan wà nínú àpótí ìyàwó mi, èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn.