Iyì Tí Ó Wà Lára Olú

Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí olú sì hù sí ara igi jíjẹrà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wò ó bí oúnjẹ tálákà. Èrò yìí kò tọ́. Àwọn àgbà Yorùbá mọ èyí tí a ń sè, èyí tí a fi ń ṣe oògùn, àti èyí tí ó ń pani. Ní ọdún 1975, ọ̀mọ̀wé B. A. Oso tẹ ìwádìí jáde lórí ìmọ̀ wọn yìí.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti rí i pé èròjà amáradàgbà ń bẹ nínú olú, àti pé bí a bá sá a sí oòrùn, fítámìnì D tí ń mú egungun le a pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Olú a sì máa sọ igi tí ó ti wó di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Oríṣi kan wà tí ó ń hù dáadáa lórí iyẹ̀ igi àti pòròpórò àgbàdo, àwọn ohun tí a sábà máa ń dáná sun lásán, tí èéfín wọn sì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ máa gbin olú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe já èyí tí kò mọ̀ jẹ, nítorí oró àwọn mìíràn wà tí iná kò lè pa. Kí àwọn ọ̀dọ́ tètè tọ àwọn àgbà lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìwé nìkan kò tó láti fi dá olú mọ̀.