Ẹ̀jẹ̀ Àlejò Kò Lè Dúró De Owó



Púpọ̀ nínú wa ní Ketu, Mile 12 àti Ikosi ló ń ná ọjà Kùtọ̀nú tàbí tó ní ẹbí níbẹ̀. Èmi náà lọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kadà tí mo gùn gbé mi ṣubú, ó sì dá ọgbẹ́ ńlá sí mi lẹ́sẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé mi lọ, owó ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Sefà ni wọ́n fẹ́, náírà ló wà lọ́wọ́ mi. N kò gbọ́ Faransé, nọ́ọ̀sì kò gbọ́ Yorùbá. Kí ẹni tí mo lọ kí tó dé, ẹ̀jẹ̀ ti bo ilẹ̀. Wọ́n kàn fi báńdéèjì wé e, wọn kò fọ iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Ketu ní ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ mi ti ń rùn.

Inú bí mi sí wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, agbọ̀n tòmátì já lu ọmọ Hausa kan ní ọjà Mile 12, ẹni tó bá ọkọ̀ ẹrù wá láti Òkè Ọya. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní kí a mú owó wá, èkejì ní kí a lọ gba ìwé ọlọ́pàá. Ojú tì mí. Àwa náà ń ṣe é fún àlejò.

Òfin kò fàyè gba èyí. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn rẹ̀ ni 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin ti ọdún 2017 sì ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. “Ẹnikẹ́ni” ni òfin wí, kò yọ àlejò sílẹ̀.

Nítorí náà, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ̀lé aláìsàn náà dé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi sùúrù dárúkọ òfin yìí. Ẹ ní kí wọ́n fọ ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tó ń rìnrìn àjò, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 jẹ́ kí a lè lo 90 ọjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà láìgba físà, ṣùgbọ́n kò ní san owó ilé ìwòsàn wa. Ẹ fi sefà díẹ̀ pamọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹbí yín sínú ìwé. Ẹ bi awakọ̀ bóyá ó ní Brown Card, ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kùtọ̀nú ní ọdún 1982, kí ẹni tí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá ṣe léṣe má baà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Mo sì rọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Kosofe pé kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àlejò tó bá fara pa láàárín wa. Àlejò ní ojú, kò fi ríran.

Ará Samáríà kò béèrè ìlú ẹni tó bá ní ojú ọ̀nà. Ó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì sanwó ilé èrò. Ẹ má gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀, ìrìn àjò ló wà.