Àdámọ́ Kọ́ Ni Ó Lé Obìnrin Kúrò Nínú Ìgbìmọ̀

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ yíyan ènìyàn sí ipò bá délẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, a kì í ṣàì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé a dá ọkùnrin fún ìjà àti àṣẹ, a sì dá obìnrin fún ilé àti ọmọ. Látijọ́, àṣà ni wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Nísinsìnyí, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá bá wa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọmọ yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1871 ni Charles Darwin, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ti ṣẹ̀. Ó ní ẹ̀yà tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bá ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni yóò borí ẹ̀yà tí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀. Ní ọdún kejì, 1872, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú ti wí, ni ìlú mẹ́tàlá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, Ìjokù pẹ̀lú Ọ̀fin, Màkún, Sónyìndó àti àwọn ìyókù, kó ara wọn jọ sí Ṣágámù nítorí ogun. A kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Ìjokù ti gbọ́ orúkọ Darwin nígbà náà. Nínú ìwé kan náà ni ó tún ti kọ ọ́ pé làákàyè ọkùnrin ju ti obìnrin lọ. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ wádìí èyí, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìlú mẹ́tàlá náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ní 1964, Hamilton ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀dá fi ń jìyà nítorí ẹbí rẹ̀. Ní 1971, Trivers ṣàlàyé bí ẹni tí kì í ṣe ẹbí ṣe lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́, bí ó bá mọ̀ pé yóò kan òun náà lọ́la. Àgbẹ̀ tí ó bá ti ṣe àáró rí ìbá ti kọ́ ọ ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń so ìlú pọ̀ náà ni ó ń na ẹni tí ó wà lóde. Ní Gombe, ní ilẹ̀ Tanzania, Jane Goodall àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i láàárín 1974 sí 1978 bí àwọn akọ ìnàkí ṣe pa àwọn akọ tí ó ti yapa kúrò lára wọn tán pátápátá. Èyí ni àwọn alátakò wa ń tọ́ka sí. Wọn kì í dárúkọ bonobo, irú ìnàkí kejì tí ó wà ní Kóńgò, níbi tí àwọn abo ti ń para pọ̀ kó akọ níjàánu. Bí èkíní ti sún mọ́ wa tó ni èkejì ṣe sún mọ́ wa. Ẹni tí ó bá pe ọ̀kan wá sí kóòtù, kí ó pe èkejì wá pẹ̀lú.

Ṣágámù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1999, a pa obìnrin Hausa kan tí wọ́n ní ó jáde ní àkókò Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò, wọ́n sì gbẹ̀san ní Kano lára àwọn Yorùbá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òwò obì ti pa àwa àti àwọn Hausa pọ̀ ní ìlú yìí tipẹ́tipẹ́! A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìsìn rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ènìyàn ni ó pààlà, ènìyàn náà ni ó sì lè sún un síwájú, bí ìlú mẹ́tàlá ti sún tiwọn.

Ní ti obìnrin, Sarah Hrdy, nínú ìwé rẹ̀ ti 2009, fi hàn pé ìyá ìnàkí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọmọ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ó ní níbẹ̀ ni a ti kọ́ láti máa gba ti ara wa rò. Àwa ti ń wí i tipẹ́: ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni pé agbára apá ọkùnrin pọ̀ jù, òótọ́ sì ni pé ọkùnrin ní í pààyàn jù ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Èwo nínú méjèèjì ni ìgbìmọ̀ nílò? Láìyin ìbọn, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ja ìjà owó orí títí Aláké Ademola Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní 1949.

Ní oṣù Kẹta 2022, Ilé Aṣòfin ní Abuja kọ àbá tí yóò ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin. Nínú ìdìbò 2023, àwọn obìnrin tí ó wọ Ilé Aṣòfin Àgbà, tí ó ní ìjókòó 109, kò pé márùn-ún. Àdámọ́ kọ́ ni ó dìbò wọ̀nyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìjokù àti ní gbogbo Rẹ́mọ, nígbà tí ẹ bá tún pé jọ ní wọ́ọ̀dù láti to orúkọ, ẹ wo ìwé náà dáadáa: bí orúkọ obìnrin kò bá sí níbẹ̀ àfi lábẹ́ àwọn tí yóò se oúnjẹ ìpàdé, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.